Iṣẹ́ àwọn tó gbẹ́ kànga dẹ̀rọ fún wa lẹ́sẹ̀ òkè Ìjùmú: ibi tó dára sí àti ibi tó kù díẹ̀ káàtó

Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ kànga dẹ̀rọ ní ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Kogí, yálà ní Ìjùmú, ní Yàgbà, ní Bùnú tàbí ní Mọ̀pà, iye tí wọ́n ń gbẹ́ mítà kan kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tí yóò yẹ ilẹ̀ wò ni kó béèrè, àti ohun èlò tí onítọ̀hún yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé kò yẹ kí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ rárá. Iléeṣẹ́ kékeré kan tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Kàbà ló ṣe iṣẹ́ yìí fún àdúgbò wa, ẹ̀ẹ̀rùn sì ti kọjá lórí kànga náà, nítorí náà mo rò pé àsìkò tó láti sọ bí iṣẹ́ wọn ṣe rí. N kò kọ orúkọ wọn síbí, torí pé kì í ṣe ìpolówó ni mò ń ṣe. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó bá ka èyí lè fi ohun tí wọ́n ṣe díwọ̀n ẹnikẹ́ni tó bá gbé rígì, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń gbẹ́ kànga, wá sí ìlú rẹ̀.

Ilẹ̀ tiwa kì í ṣe ilẹ̀ Èkó. Ní Èkó, yanrìn ló tò lé yanrìn lórí, omi sì kún àárín wọn, débi pé ẹni tó bá ṣáà ti gbẹ́ ilẹ̀ jìn yóò kan omi, bí omi náà tilẹ̀ níyọ̀ díẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àpáta ògbólógbòó ló wà nísàlẹ̀: granite, gneiss àti schist, tí ooru àti ìwúwo inú ilẹ̀ ti fún pọ̀ títí wọn kò fi ní ihò tí omi lè fara pamọ́ sí. Granite tó dúró gbọnin-gbọnin lókè Ògìdì àti káàkiri Ìjùmú ti dì láti nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí ohunkóhun tó ń jẹ́ igi tàbí ẹranko tó dé orí ilẹ̀. Ibi méjì péré ni omi ti lè dúró nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ìpele òkúta jíjẹrà, èyí tí òjò àti oòrùn ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹ di yanrìn àti amọ̀, tó wà láàárín ilẹ̀ pupa òkè àti àpáta líle ìsàlẹ̀. Èkejì ni ojú ibi tí àpáta gan-an ti sán. Ìpele jíjẹrà yẹn lè nípọn tó ogún mítà lábẹ́ oko ẹnìkan, kí ó má sì tó mítà méjì lábẹ́ ilé aládùúgbò rẹ̀. Ìdí nìyí tí kànga ẹnìkan fi ń kún, tí ti ẹnìkejì rẹ̀ tó wà ní ìgbọ́hùn sí i fi ń gbẹ táútáú.

Àwọn tó gbọ́ pé Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya ti pàdé odò Bẹ́núè, ni olú-ìlú ìpínlẹ̀ wa a máa rò pé omi kò lè wọ́n wa. Odò náà wà lọ́hùn-ún, nísàlẹ̀. Orí òkè ni àwọn baba wa sá sí nígbà tí àwọn ajagun Nupe láti Bídà ń kó ènìyàn lẹ́rú ní ilẹ̀ Okun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá Kogí, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí a sì sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ òkè kan náà ni ọ̀pọ̀ wa tẹ̀dó sí, pẹ̀lú omi ìsun díẹ̀ tí kì í pẹ́ gbẹ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé.

Kànga dẹ̀rọ kan ti wà ládùúgbò wa kí èyí tó dé, iṣẹ́ ìdàgbàsókè tí wọ́n gbé fún agbaṣẹ́ṣe kan láti ìhà Èkó. Oṣù Ògún, nígbà tí òjò ń rọ̀ lemọ́lemọ́, ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Kò sí àyẹ̀wò kankan. Ọmọkùnrin kan ló di wáyà méjì mú, tó ń rìn kiri, nígbà tí wáyà náà sì gbé ara wọn kọjá, ó ní ibẹ̀ ni omi wà. Omi tú jáde lóòótọ́, a jó, a ya fọ́tò. Kí oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó parí, atẹ́gùn nìkan ló ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Omi òjò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú ìpele òkè ni wọ́n kàn, wọ́n sì gbà pé iṣẹ́ ti tán. Wọn kò dé ibi tí àpáta ti sán, kò sì sẹ́ni tó padà wá wò ó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn bóyá omi ṣì wà. Ẹni tó bá kọ́ iṣẹ́ yìí lórí yanrìn Èkó lè má tilẹ̀ mọ̀ pé ohun tí òun ṣe kò pé. Ṣùgbọ́n owó ti lọ, páìpù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọdé ń ju òkúta sínú rẹ̀.

Ìyẹn ló mú kí inú mi dùn sí bí àwọn ará Kàbà yìí ṣe bẹ̀rẹ̀. Rígì kọ́ ló kọ́kọ́ dé. Onímọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ló dé, ọ̀dọ́bìnrin kan tó gun ọ̀kadà wá. Lẹ́yìn tó ti kí àwọn àgbà tán, ó ní kí wọ́n mú òun lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ti ń pọnmi ládùúgbò náà láti ìgbà èwe wọn.

“Okun o, ẹ̀yin ìyá,” ló fi kí wọn. “Odò wo ni kì í gbẹ tí ọyẹ́ bá mú?”

“Kò sí èyí tí kì í gbẹ, ọmọ mi,” ni èyí tó dàgbà jù nínú wọn fèsì. “Ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́yìn igi ìrókò, tí a bá fi igbá wa yanrìn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi á sun. Òru la máa ń lọ dúró dè é.”

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ló darí gbogbo iṣẹ́ tó kù. Ọ̀dọ́bìnrin náà ṣí àwòrán ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì yà lórí fóònù rẹ̀, ó sì fi hàn wá pé odò ẹ̀yìn ìrókò kì í yí bí odò yòókù ṣe ń yí. Ó lọ tààrà bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n, ó gba àárín òkè méjì kọjá, ìlà rẹ̀ sì tún hàn lódìkejì. Lórí ilẹ̀ olókùúta, odò tó bá lọ tààrà báyìí sábà máa ń tẹ̀lé ojú ibi tí àpáta ti sán, nítorí ibẹ̀ ni òkúta ti rọ̀ jù fún omi láti jẹ. Àwọn ìyá wa ti ń pọn omi inú àpáta láti ọjọ́ tó ti pẹ́ láìsí rígì kankan.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ àyẹ̀wò dé. N ó ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀, nítorí ó yẹ kí ẹni tó ń sanwó mọ ohun tó ń sanwó fún. Irin ṣóńṣó mẹ́rin ni wọ́n gún mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo. Wọ́n so wáyà mọ́ wọn, wọ́n sì fi bátìrì rán iná sínú ilẹ̀ láti ara méjì tó wà ní ìpẹ̀kun, nígbà tí méjì àárín ń wọn bí ilẹ̀ ṣe gba iná náà sí. Ilẹ̀ tó lómi máa ń jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́; àpáta tó le tó sì gbẹ máa ń dí i lọ́nà. Bí wọ́n bá ṣe ń sún irin ìpẹ̀kun méjèèjì jìnnà síra wọn ni iná náà ń wọlẹ̀ jìn sí i, ẹ̀rọ sì ń sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ní ìpele-ìpele láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tíì gbẹ́ ohunkóhun. Àwọn ọmọ iléèwé ló bá wọn fa wáyà náà láàárín oko gbágùúdá, òṣìṣẹ́ kan sì ń ké nọ́ńbà jáde bó ṣe ń hàn lójú ẹ̀rọ. Tí a bá fi ohm-mítà, ìyẹn ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà sí, kà á, níbi àpáta líle nọ́ńbà náà a máa fò kọjá ẹgbẹ̀rún. Lórí ìpele jíjẹrà tó lómi, ó lè wà láàárín ọgọ́rùn-ún kan sí nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mẹ́ta.

Ohun kan tí n kò gbọ́ lẹ́nu agbẹ́kànga kankan rí ni pé nọ́ńbà tó kéré jù lè tanni jẹ. Amọ̀ náà máa ń jẹ́ kí iná kọjá, bẹ́ẹ̀ amọ̀ a máa di omi mọ́ra ni, kì í tú u sílẹ̀ fún kànga. Níbì kan tí gbogbo wa ti ń yọ̀ pé nọ́ńbà ti lọ sílẹ̀ gan-an, arábìnrin náà mi orí, ó ní amọ̀ ni, ó sì ní kí wọ́n tú irin kúrò níbẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti gba ọ̀wọ̀ lọ́wọ́ mi jù lọ ni iwájú gbọ̀ngàn àdúgbò. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà fẹ́ kí kànga náà wà, wọ́n sì ní ìdí: ó sún mọ́ títì, olè kò lè tètè dé ibẹ̀, àlejò á sì rí i. Àyẹ̀wò fi hàn pé àpáta líle wà ní mítà mẹ́ta péré sísàlẹ̀, láìsí àmì sísán kankan nínú rẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ omi wa ní kí wọ́n ṣáà gbẹ́ ẹ, owó ti wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ lóòótọ́, gbogbo mítà tí wọ́n bá gbẹ́ ni à bá sanwó rẹ̀, yálà omi wà tàbí omi kò sí. Wọn kò gbẹ́ ẹ. “Ẹ̀yin bàbá, ẹ bínú sí mi lónìí,” ni arábìnrin náà sọ lórí ìkúnlẹ̀, “kí ẹ má bàa bínú sí mi lóṣù Èrèlé.” Àríyànjiyàn náà gùn, àwọn kan ń wí pé ọmọdé kan kò lè wá láti Kàbà kí ó máa sọ ibi tí omi wà ní ilẹ̀ baba wa, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìrókò la padà gbà.

Àwọn agbẹ́kànga kan wà tó ń polówó pé bí omi kò bá sí, ẹ kò ní sanwó. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ owó kànga tó gbẹ mọ́ wọn lọ́wọ́ níbòmíràn ti wà nínú iye tí wọ́n ń bù lé tiyín, ohun tí wọ́n sì ń pè ní omi ni èyí tó bá jáde lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ ẹ, kì í ṣe èyí tó máa wà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Oṣù Ẹrẹ́nà, nígbà tí omi abẹ́ ilẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, ni wọ́n gbẹ́ tiwa, àwọn fúnra wọn ló sì yan àsìkò náà. Ariwo kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn ti ohun tí wọ́n gbẹ́ jáde, kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa. Ní mítà kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bu ohun tó ń jáde láti inú ihò náà sínú ọ̀rá, wọ́n ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ sórí tapólì: yangí pupa, lẹ́yìn náà amọ̀ funfun, lẹ́yìn náà yanrìn ṣákaṣàka tó kún fún máíkà tó ń tàn yinrinyinrin, lẹ́yìn náà lẹ́búlẹ́bú àpáta líle tó rí bí eérú. Nígbà tí èyí tó ń tàn yẹn fi máa jáde, ìròyìn ti dé ọjà pé wọ́n ti kan wúrà, àwọn ọ̀dọ́ sì kóra jọ. Ẹ má dá wọn lẹ́bi. Láti Ẹ̀gbẹ̀ dé Ìsánlú, ilẹ̀ Yàgbà ní wúrà, ó ní tantalite àti tourmaline, àwọn awakùsà sì ti gbẹ́ kòtò káàkiri níbẹ̀. Arábìnrin náà ṣàlàyé fún wọn pé máíkà ni, pé kò lówó lórí báyìí, àti pé bó tilẹ̀ jẹ́ wúrà pàápàá, òfin ohun àlùmọ́ọ́nì ti ọdún 2007 ti fi í sábẹ́ àkóso ìjọba àpapọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣì di ẹ̀kúnwọ́ kan lọ sílé.

Ní nǹkan bíi 30 mítà ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í bá atẹ́gùn kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jáde. Ní 41 mítà ó pọ̀ sí i lójijì, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti kan ojú sísán mìíràn. Ní 52 mítà wọ́n dúró, bẹ́ẹ̀ ìgbìmọ̀ ti múra láti sanwó 80 mítà. Ojú sísán inú àpáta máa ń fún pọ̀ bí a bá ṣe ń jìn sí i, nítorí ìwúwo ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀, nítorí náà mítà tí a bá fi kún un nínú àpáta tí kò sán mọ́ lè má fi omi kankan kún omi. Ẹni tó ń gba owó ní mítà-mítà kì í sábà sọ èyí fún oníbàárà. Àwọn yìí sọ ọ́.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀pọ̀ agbẹ́kànga máa ń fò. Wọ́n ki páìpù bọ ihò náà, wọ́n fi èyí tó ní ihò wẹ́wẹ́ síbi tí omi ti ń wọlé, wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ tó mọ́ yí i ká, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì dí òkè rẹ̀ kí ẹ̀gbin orí ilẹ̀ má bàa ṣàn wọ̀ ọ́. Wọ́n wọn ibi tó jìnnà sí ṣáláńgá tó sún mọ́ ọn jù, ó ju 30 mítà lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa omi náà láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì láìdáwọ́ dúró, tí wọ́n ń wọn bí omi inú kànga ṣe ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì pa ẹ̀rọ, wọ́n tún jókòó tì í láti wo bó ṣe ń yára gbéra padà sí. Wọ́n rí i pé kànga náà lè fún wa ní nǹkan bíi 0.7 lítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan láìjẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́, ìyẹn nǹkan bíi 2,500 lítà ní wákàtí kan. Wọ́n ní kí a má ṣe fà á ju wákàtí mẹ́fà lọ lóòjọ́. Èyí yóò fún wa ní 15,000 lítà, bí a bá sì ka 20 lítà sí ẹnìkọ̀ọ̀kan, ó tó fún 750 ènìyàn. Àdúgbò wa kò tó bẹ́ẹ̀.

Alága tún fẹ́ ẹ̀rọ ìfami tó lágbára jù, èyí tí yóò tètè kún tánkì. Wọ́n ní rárá. Ẹ̀rọ tó bá ń fà ju ohun tí àpáta ń tú sílẹ̀ lọ yóò mu kànga náà gbẹ dé ìsàlẹ̀, yóò sì fa yanrìn wọlé títí yóò fi ba ara rẹ̀ jẹ́. Èyí tí wọ́n fi sí i kò lè fà kọjá agbára kànga, sólà ló sì ń gbé e, nítorí náà òru ni ìsinmi rẹ̀. Mo fara mọ́ ìpinnu yìí pátápátá. Ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé odò ńlá kan wà nínú ilẹ̀ tó ń ṣàn tí kì í tán. Àmọ́ òjò tó rọ̀ láàárín oṣù Igbe sí oṣù Ọ̀wàwà ló wà nínú àpáta wa, gbèsè sì ni ohunkóhun tí a bá fà kọjá èyí tó wọlé.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ òkè fúnra rẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Wọ́n gbà wá nímọ̀ràn pé kí a má ṣe sun igbó tó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè mọ́, kí a dẹ́kun kíkó yanrìn odò ẹ̀yìn ìrókò tà fún àwọn kọ́lékọ́lé, kí a sì lé àwọn tó ń fọ́ òkúta kúrò lẹ́sẹ̀ òkè, nítorí ibi wọ̀nyí ni òjò ti ń rọra wọlẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ yé mi. Yanrìn odò yẹn gan-an ló ń di omi mú títí tí àpáta fi ń rí i mu. Èkẹta ni n kò gbà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń fọ́ òkúta níbẹ̀, tí wọ́n ń fi iná sun àpáta títí yóò fi là, kí wọ́n tó fi òòlù fọ́ ọ, opó ni wọ́n, òun sì ni wọ́n fi ń tọ́mọ. Ìgbìmọ̀ omi wa ní kí wọ́n máa fọ́ ti ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí àpáta ti hàn sí gbangba tí kò sì sí ilẹ̀ lórí rẹ̀, kí wọ́n fi ìhà tó kọjú sí odò sílẹ̀. Ó yẹ kí iléeṣẹ́ tó mọ òkúta tó báyìí ti lè dá irú àbá bẹ́ẹ̀ mú wá.

Omi náà dára, àmọ́ kì í ṣe aláìlábùkù. Ìwọ̀n irin tí ìlànà omi mímu orílẹ̀-èdè yìí gbà ni 0.3 mílígíráàmù nínú lítà kan, tiwa sì ga díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í pani lára, ṣùgbọ́n aṣọ funfun a máa pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀kọ sì ń yí àwọ̀ padà. Wọ́n bá wa tún ẹnu páìpù ṣe kí omi lè máa já bọ́ wẹ́wẹ́ sínú tánkì, kí atẹ́gùn sọ irin náà di ìpẹtà tí yóò balẹ̀ sísàlẹ̀ tánkì, ó sì dín kù dáadáa. Fluoride, tó máa ń wà nínú omi ilẹ̀ granite nígbà mìíràn tó sì ń ba eyín ọmọdé jẹ́ bó bá pọ̀, kò dé 1.5 tí ìlànà náà fi ṣe òpin.

Ohun tó bí mi nínú ni pé owó àyẹ̀wò omi yìí kò sí nínú iye tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún wa. Ìgbà tí wọ́n gbẹ́ kànga tán ni wọ́n tó mẹ́nu bà á, nígbà tí a kò lè kọ̀ ọ́ mọ́. Rígì wọn tún la oko gbágùúdá bàbá kan kọjá nígbà tí ọ̀nà odò kò gbà á, ẹrẹ̀ tó jáde láti inú ihò náà sì bo ebè ìyókù, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó san owó rẹ̀ fún un. Ìgbìmọ̀ ló ní láti máa pè wọ́n lórí fóònù lójoojúmọ́. Ìwé àbọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n kó fún wa nípọn, ó kún fún àwòrán ìlà àti nọ́ńbà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì látòkèdélẹ̀. Ẹni tó ń mú kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ lọ́wọ́, tó sì yẹ kó mọ ìgbà tí omi inú kànga bá ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kò lè ka ojú ìwé kan níbẹ̀. Wọ́n ṣèlérí láti wá ṣàlàyé rẹ̀ fún un lédè Yorùbá. Wọn kò tíì wá.

Mo fún wọn ní máàkì méje nínú mẹ́wàá, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ fún iwájú gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ̀ láti gbẹ́. Ẹni tó ń wá kànga fún ilé ara rẹ̀ nìkan yóò rí i pé owó wọn wọ́n, pàápàá owó àtigbé rígì kúrò ní Kàbà, ó sì sàn kí ilé bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún pawọ́ pọ̀. Ìlú tó bá fẹ́ pè wọ́n, kí ó pè wọ́n ní oṣù Ọ̀pẹ, kí àyẹ̀wò ilẹ̀ lè parí kí ẹ̀ẹ̀rùn tó mú gan-an, kí wọ́n sì kọ owó àyẹ̀wò omi àti owó oko tí rígì bá bà jẹ́ sínú ìwé àdéhùn kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀.